Líìgì Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Sáà 1946/47: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ìgbàkígbà tí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ lórí iye ìgbà tí Liverpool ti gba líìgì, ẹnìkan á béèrè pé báwo ni ti 1947 ṣe jẹ́. Àwọn ìbéèrè tó ń wọlé léraléra la kó jọ síbí.

Sáà wo gan-an là ń sọ?

Sáà líìgì àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá parí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1946, kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 1947, nígbà tó yẹ kí àwọn agbábọ́ọ̀lù ti máa sinmi nílé. Yìnyín ló fà á gùn bẹ́ẹ̀.

Liverpool ló gba ife. Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni wọ́n jọ ń du ú títí dópin, àmì 2 péré ló sì wà láàárín ẹni kìíní àti ẹni kẹrin.

Ṣé Premier League ni wọ́n ń gbá nígbà náà?

Rárá o. Ọdún 1992 ni Premier League dé. Football League ni ti ìgbà yẹn, wọ́n sì ti dá a sílẹ̀ láti ọdún 1888. Ìpele mẹ́ta ló ní, àmọ́ wọ́n pín ìpele kẹta sí méjì, ti àríwá àti ti gúúsù, kí àwọn ẹgbẹ́ tí owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn má baà máa rin ìrìn àjò tó jìnnà jù. Ẹgbẹ́ 22 ló wà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn jẹ́ 88.

Ẹgbẹ́ tó bá borí máa ń gba àmì 2, kì í ṣe 3 ti òde òní. Ẹni tó bá ta ọ̀mì gba 1. Ẹgbẹ́ 2 ló ń já bọ́ láti ìpele kìíní, tí 2 sì ń gòkè rọ́pò wọn. Ní ìpele kẹta, ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nìkan ló ń gòkè. Ti ẹni kejì di ọdún tó ń bọ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀ sí líìgì nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́?

Sáà 1939/40 ti bẹ̀rẹ̀ ná. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta péré ni àwọn ẹgbẹ́ ìpele kìíní gbá kí ìjọba tó kéde ogun sí Jámánì ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, ni wọ́n bá fagi lé gbogbo rẹ̀. Blackpool tó ti borí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tó sì wà lókè tábìlì, pàdánù gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Wọn ò pa bọ́ọ̀lù tì pátápátá. Wọ́n ń gbá líìgì agbègbè, agbábọ́ọ̀lù tó jẹ́ sójà sì lè bá ẹgbẹ́ tó bá sún mọ́ bárékè rẹ̀ gbá. Ṣùgbọ́n wọn kì í kà á mọ́ líìgì gidi. Ní 1945/46 tí ogun ti parí, ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ṣì wà nínú aṣọ ológun, ọkọ̀ ojú irin sì ṣòro, nítorí náà wọ́n tún pín wọn sí àríwá àti gúúsù. Ife-ẹ̀yẹ FA nìkan ló padà lọ́dún yẹn.

Nígbà tí wọ́n wá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ líìgì gidi ní 1946, wọn ò da ara wọn láàmú: ètò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ti 1939 tí ogun gé kúrú náà ni wọ́n gbé jáde padà. Ìdí nìyí tí Liverpool fi tún bẹ̀rẹ̀ ní Bramall Lane, pápá Sheffield United. Ní 1939, Sheffield United fi 2 sí 1 nà wọ́n níbẹ̀. Ní 1946, Liverpool fi 1 sí òdo borí. Ẹ fi orúkọ pápá yẹn sọ́kàn.

Báwo ni òkè tábìlì ṣe rí nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí?

Liverpool: borí 25, ọ̀mì 7, pàdánù 10, góòlù 84 sí 52, àmì 57.
Manchester United: borí 22, ọ̀mì 12, pàdánù 8, góòlù 95 sí 54, àmì 56.
Wolverhampton Wanderers (Wolves): borí 25, ọ̀mì 6, pàdánù 11, góòlù 98 sí 56, àmì 56.
Stoke City: borí 24, ọ̀mì 7, pàdánù 11, góòlù 90 sí 53, àmì 55.

Blackpool ló tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú àmì 50. Ẹ wo iye góòlù: nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, Liverpool ló jẹ góòlù tó kéré jù, òun náà ló sì gbé ife lọ.

Àwọn wo ló já bọ́, àwọn wo ló sì gòkè?

Brentford (àmì 25) àti Leeds United (àmì 18) ló já bọ́. Ti Leeds burú jáì. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 21 tí wọ́n gbá lóde, wọ́n pàdánù 20, wọ́n ta ọ̀mì 1. Ní ti Brentford, ọdún 2021 ni wọ́n tó tún fojú kan ìpele tó ga jù.

Manchester City ló ṣe ipò kìíní ní ìpele kejì, Burnley tẹ̀ lé e. Ní ìpele kẹta, Cardiff City ló gòkè láti gúúsù, Doncaster Rovers láti àríwá. Doncaster kó àmì 72, ó borí nínú 33, ó gbá góòlù 123 wọlé. Ní gbogbo ìgbà tí àmì 2 fi jẹ́ èrè ìborí, Lincoln City nìkan ló kó ju 72 yẹn lọ, nígbà tó kó 74 ní sáà 1975/76.

Ta ni àwọn gbajúmọ̀ Liverpool nígbà náà?

George Kay ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn. Níwájú, Jack Balmer àti Albert Stubbins ló gbé ẹrù náà: góòlù 24 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ nínú líìgì. Balmer, ọmọ ìlú Liverpool gan-an, ṣe ohun kan tí ojú kì í sábà rí. Ní oṣù Kọkànlá 1946, ó jẹ góòlù 3 sí Portsmouth, 4 sí Derby County, àti 3 sí Arsenal, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ léra. Síbẹ̀, àwọn òǹwòran kan ní Anfield, pápá Liverpool, kì í gba tirẹ̀, wọ́n ní kì í fara jìn tó bá di ká du bọ́ọ̀lù. Ayé ò ṣeé tẹ́ lọ́rùn.

Stubbins, onírun pupa, wá láti Newcastle United ní oṣù Kẹsàn-án 1946 ní pọ́ùn 12,500. Everton náà ń wá a. Ilé sinimá ló wà ní Newcastle nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ sójú awò pé kí Albert Stubbins máa bọ̀ ní pápá St James' Park. Ó débẹ̀, ó bá aṣojú ẹgbẹ́ méjèèjì, ó ní kí wọ́n ta owó ẹyọ láti mọ ẹni tí òun máa kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀. Liverpool ló jẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Billy Liddell, ọmọ Scotland, ló wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì. Ọdún 1938 ni wọ́n ti mú un wá, ogun ni kò jẹ́ kó gbá líìgì. Ọjọ́ kan náà ni òun àti Bob Paisley kọ́kọ́ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì: ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án 1946, tí Liverpool na Chelsea ní 7 sí 4. Bẹ́ẹ̀ ni, Paisley yẹn náà ni, tó wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá Liverpool láti 1974 sí 1983, tó gba líìgì 6 àti ife Yúróòpù 3.

Ṣé òótọ́ ni pé oúnjẹ Amẹ́ríkà ló mú Liverpool gba líìgì?

Ìtàn yẹn kì í ṣe àròsọ, àmọ́ àwọn èèyàn máa ń fi iyọ̀ sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, káàdì ni wọ́n fi ń pín oúnjẹ. Ẹran, bọ́tà, ṣúgà, gbogbo rẹ̀ ní ìwọ̀n. Búrẹ́dì tí wọn ò wọ̀n nígbà ogun pàápàá, oṣù Keje 1946 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n, lẹ́yìn tí ogun ti parí. Bill McConnell, alága Liverpool, jẹ́ oníṣòwò oúnjẹ, ó sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ tí ebi ń pa kì í sáré. Òun ló ṣètò kí ẹgbẹ́ náà lọ sí Amẹ́ríkà àti Kánádà kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, wọ́n ń borí, wọ́n sì jẹ ẹran àti ẹyin bí ẹni pé kò sóhun tó ń jẹ́ ogun. Àwọn agbábọ́ọ̀lù náà sanra sí i kí wọ́n tó wálé.

Ó ràn wọ́n lọ́wọ́, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kẹsàn-án, tí oúnjẹ náà ò tíì gbẹ lára wọn, Manchester United fi 5 sí òdo nà wọ́n. Ní oṣù Kejìlá, Wolves wá sí Anfield, ó fi 5 sí 1 kí wọn nílé wọn. Oúnjẹ ò gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n. Lójú tiwa, owó tí wọ́n fi ra Stubbins ṣe ju oúnjẹ lọ.

Báwo ni òtútù ọdún 1947 ṣe le tó?

Láti ìparí oṣù Kìíní títí wọ àárín oṣù Kẹta, yìnyín bo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀. Kì í ṣe èyí tó ń bọ́ lálẹ́ tó ń yọ́ láàárọ̀. Ó ga lójú ọ̀nà àti lójú irin débi pé ọkọ̀ tó ń kó èédú kò lè dé ilé iṣẹ́ mànàmáná. Èédú náà kò tó tẹ́lẹ̀. Ni iná bá ń lọ, ilé iṣẹ́ ń tì, èèyàn jókòó sínú òkùnkùn pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Emanuel Shinwell, mínísítà tí ọ̀rọ̀ epo àti iná wà lọ́wọ́ rẹ̀, gbọ́ èébú tó pọ̀.

Pápá tí kò bá di yìnyín, á di òkúta. Wọ́n ń sún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ síwájú ní ọ̀pọ̀ Sátidé. Nígbà tí yìnyín wá yọ́ ní oṣù Kẹta, àgbàrá ló tẹ̀ lé e: odò Trent kún dé inú pápá Nottingham Forest.

Wọ́n ṣì máa ń rí ọ̀nà gbá a lọ́jọ́ mìíràn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, Liverpool pàdé Birmingham City nínú Ife-ẹ̀yẹ FA ní Anfield, lórí yìnyín. Liddell gbá bọ́ọ̀lù àgbésílẹ̀ láti òsì, Stubbins fò ní ìdúbùú, ó fi orí kàn án wọlé, ó sì fi àyà gbá lórí ilẹ̀ dídì náà dé ẹ̀bá àwọ̀n. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ góòlù yẹn ní Anfield títí tí Stubbins fi darúgbó.

Kí ló dé tí wọn ò kàn gbá èyí tó ṣẹ́ kù láàárín ọ̀sẹ̀?

Ìjọba ò gbà. Kò sí iná pápá nínú líìgì nígbà yẹn. Ọdún 1956 ni wọ́n tó kọ́kọ́ gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì lábẹ́ iná. Ìyẹn ni pé bí wọ́n bá ní kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ Wẹ́sidé, ọ̀sán gangan ni. Ta ló fẹ́ wà nílé iṣẹ́ nígbà tí Tommy Lawton ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí? Àwọn òṣìṣẹ́ á sá wá sí pápá. Orílẹ̀-èdè tó jẹ gbèsè, tí èédú rẹ̀ ò tó, kò lè fara da ìyẹn. Ìjọba Clement Attlee ní kí eré ìdárayá àárín ọ̀sẹ̀ dáwọ́ dúró.

Sátidé nìkan ló wá kù, Sátidé ò sì pọ̀ tó. Ohun tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n fa sáà náà gùn, ni wọ́n bá ń gbá bọ́ọ̀lù wọ oṣù Kẹfà. Ẹ ó gbọ́ kí àwọn kan máa sọ pé àjọ líìgì ló ṣètò rẹ̀ láìdáa. Ẹ̀bi yẹn kò kàn wọ́n.

Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Molineux, pápá Wolves, ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún?

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn fún Wolves àti Liverpool nìyẹn. Wolves ní àmì 56, Liverpool ní 55. Manchester United ti gbá tirẹ̀ tán, ó jókòó lórí 56. Bí Wolves bá borí, tiwọn ni líìgì, ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn. Dennis Westcott, tó jẹ góòlù jù nínú ìpele kìíní lọ́dún náà, wà nínú ẹgbẹ́ yẹn. Stan Cullis, balógun ẹgbẹ́ wọn, sì ti sọ pé lẹ́yìn ọjọ́ náà, òun ò gbá mọ́.

Ooru mú lọ́jọ́ náà bí ẹni pé òtútù ò ṣẹlẹ̀ rí. Balmer kọ́kọ́ jẹ góòlù. Lẹ́yìn náà ni Bob Priday, ọmọ South Africa, ta bọ́ọ̀lù gígùn kan síwájú. Stubbins sáré kọjá Cullis. Ọwọ́ Cullis tó aṣọ rẹ̀. Bó bá fà á, á ṣubú, ohun tó sì burú jù ni kí wọ́n fún Liverpool ní bọ́ọ̀lù àgbésílẹ̀, nítorí òfin ìgbà yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ le. Cullis ò fà á. Stubbins gbá a wọlé. Jimmy Dunn dá ọ̀kan padà fún Wolves, ó parí sí 2 sí 1.

Nígbà tí wọ́n bi Cullis nígbà tó yá, ó ní òun ò fẹ́ kí wọ́n máa rántí òun sí ẹni tó fi irú ìwà bẹ́ẹ̀ gba líìgì. Òun náà ló padà di akọ́nimọ̀ọ́gbá Wolves ní 1948, tó sì gba líìgì mẹ́ta fún wọn.

Ṣé ọjọ́ yẹn gan-an ni Liverpool gba ife?

Ó tì o. Ibí ni àwọn èèyàn ti máa ń ṣì í. Liverpool dé orí 57, àmọ́ Stoke City wà lórí 55, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan sì kù fún wọn. Bí wọ́n bá borí, wọ́n á di 57, ìṣirò góòlù tiwọn sì dára ju ti Liverpool lọ. Ọ̀mì ò lè gbà wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni Liverpool fi dúró. Níbo ni Stoke ti fẹ́ gbá a? Bramall Lane. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, Jack Pickering àti Walter Rickett jẹ góòlù fún Sheffield United, Alec Ormston dá ọ̀kan padà fún Stoke. 2 sí 1. Lọ́jọ́ náà, Liverpool ń bá Everton gbá ife àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò ní Anfield, ibẹ̀ ni ìròyìn ti bá wọn. Ariwo tó sọ lẹ́yìn náà kì í ṣe ti góòlù tí ẹnikẹ́ni jẹ níwájú wọn.

Ṣé títa Stanley Matthews ló ba ti Stoke jẹ́?

Ìbéèrè tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù nìyí. Matthews, ọmọ bíbí agbègbè náà, tí kò sí agbábọ́ọ̀lù ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún tó tó o ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò bá Bob McGrory akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ rẹ́. Ó ṣèṣe, ara rẹ̀ yá, McGrory ní kó kọ́kọ́ bá àwọn ẹgbẹ́ kejì gbá ná. Ọ̀rọ̀ náà dé inú ìwé ìròyìn. Matthews ti ń gbé ní Blackpool, ó ní òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1947, tí líìgì ti ń kan òpin, tí Stoke ṣì ń du ife, wọ́n tà á fún Blackpool ní pọ́ùn 11,500.

Àwọn kan á sọ pé Stoke ń ṣe dáadáa láìsí i náà, òótọ́ sì ni: ọ̀pọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ni kò gbá fún wọn lọ́dún yẹn. Àmọ́ góòlù kan ṣoṣo ni wọ́n fi pàdánù ní Bramall Lane. Ẹgbẹ́ tí kò gba líìgì rí, tí kò sì tíì gbà á títí dòní, ta Matthews nígbà tó ku díẹ̀ kí ó dé ibi tó ń lọ. Àwa ò rí àwíjàre fún un. Ọmọ ọdún 32 ni wọ́n rò pé ó ti ń darúgbó. Ó ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù ìpele kìíní nígbà tó pé 50.

Ṣé lóòótọ́ ni ẹgbẹ́ kan fi 13 sí òdo borí lọ́dún yẹn?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹwàá 1946, ìpele kejì, Newcastle United na Newport County. Len Shackleton tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà láti Bradford Park Avenue ní pọ́ùn 13,000 ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn: ó jẹ 6. Charlie Wayman jẹ 4 lẹ́yìn tó ti kọ́kọ́ pàdánù pẹnáritì, Jackie Milburn jẹ 2, Roy Bentley jẹ 1. Kò sí ìborí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìtàn Football League. Stockport County nìkan ló ti ṣe irú rẹ̀ rí, sí Halifax Town ní 1934.

Newport já bọ́ ní òpin sáà. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé nígbà tí Newcastle wá sọ́dọ̀ wọn, Newport ló borí.

Kí ló dé tí Manchester United ń gbá bọ́ọ̀lù ilé rẹ̀ ní pápá Manchester City?

Bọ́ǹbù Jámánì ló ba Old Trafford, pápá United, jẹ́ ní oṣù Kẹta 1941. Títí di 1949, Maine Road, pápá City, ni United ń háyà. Matt Busby ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, sáà líìgì gidi àkọ́kọ́ rẹ̀ sì nìyí. Busby ti gbá bọ́ọ̀lù fún City àti Liverpool rí. Liverpool tiẹ̀ fún un níṣẹ́ kó tó lọ sí United. Ipò kejì ló ṣe ní 1947, 1948, 1949 àti 1951, kó tó gba líìgì ní 1952.

Èló ni wọ́n ń san fún àwọn agbábọ́ọ̀lù?

Owó oṣù wọn ní òpó tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ní 1947, wọ́n gbé e dé pọ́ùn 12 lọ́sẹ̀ nígbà sáà, 10 nígbà ìsinmi, fún ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù jù ní gbogbo ilẹ̀ náà. Pọ́ùn 12,500 tí Newcastle gbà lórí Stubbins ju owó iṣẹ́ ogún ọdún rẹ̀ lọ. Bí àdéhùn agbábọ́ọ̀lù bá tiẹ̀ parí, ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì lè di ìwé rẹ̀ mú, kó má lè lọ síbòmíràn. Ọdún 1961 ni wọ́n fòpin sí òpó owó yẹn.

Èèyàn mélòó ló wá wo bọ́ọ̀lù?

Nǹkan bíi mílíọ̀nù 35.6 ní gbogbo ìpele. Àwọn sójà ti dé, owó díẹ̀ wà lápò, kò sì sí ohun púpọ̀ láti ná an lé. Ìdúró ni ọ̀pọ̀ wọn ń wòran, wọ́n á fún pọ̀ mọ́ ara wọn.

Ewu wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 1946, ní Burnden Park ti Bolton, nínú Ife-ẹ̀yẹ FA láàárín Bolton àti Stoke, èrò wọ́ tìrìtìrì, irin ìdènà wó, èèyàn 33 kú. Wọ́n gbé òkú sí ẹ̀gbẹ́ pápá, wọ́n sì parí bọ́ọ̀lù náà.

Ta ló gba Ife-ẹ̀yẹ FA lọ́dún náà?

Charlton Athletic, 1 sí òdo, lọ́wọ́ Burnley ní Wembley, ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin 1947. Chris Duffy ló jẹ ẹ́ ní àfikún àkókò. Bọ́ọ̀lù náà bẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbá a lọ́wọ́, bó ṣe bẹ́ ní àṣekágbá 1946 tí Charlton pàdánù. Burnley yìí náà ló lé Liverpool jáde kí wọ́n tó dé àṣekágbá.

Ṣé nọ́ńbà wà lẹ́yìn jẹ́sì wọn?

Ó wà. Ọdún 1939 ni líìgì fọwọ́ sí i, àmọ́ ogun ò jẹ́ kí wọ́n lò ó tó oṣù kan, nítorí náà 1946/47 ni sáà odindi àkọ́kọ́ tí wọ́n lò ó. 1 sí 11 nìkan ni, torí kò sí àrọ́pò. Bí gólì bá ṣèṣe, ọ̀kan nínú àwọn tó kù ló máa wọ ibọ̀wọ́. Ọdún 1965 ni wọ́n gba àrọ́pò láàyè.

Ìgbà wo ni ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ gbá nínú líìgì yìí?

Ó tó ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn sáà yìí. Teṣlim Balógun, ọmọ Èkó tí gbogbo ayé ń pè ní Thunder, wà nínú ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó lọ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1949, tí ọ̀pọ̀ wọn ń gbá bọ́ọ̀lù láìwọ bàtà. Ó padà lọ ní 1955 sí Peterborough, tí kò tíì wọ líìgì nígbà náà. Ní 1956, Queens Park Rangers mú un. QPR yẹn kan náà ló ṣe ipò kejì lẹ́yìn Cardiff ní ìpele kẹta ti gúúsù ní 1946/47. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápá ìṣeré tó wà ní Sùúrùlérè.

Nígbà tí yìnyín ń da ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ rú, ṣé ìgbìmọ̀ kan ló ń pinnu èsì fún àwọn oní-pool, ìyẹn àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù?

Àwọn bàbá wa tó ń ta pool mọ ìgbìmọ̀ yẹn dáadáa: àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù tó máa jókòó, tí wọ́n á sọ pé bí wọ́n bá gbá a ni, ọ̀mì ni ì bá jẹ́. Nípasẹ̀ pool náà sì ni ọ̀pọ̀ wọn ṣe mọ Doncaster àti Stockport tí wọn ò fojú rí rí. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ yẹn kò sí ní 1947. Òtútù ńlá mìíràn, ti 1963, ló bí i. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ìgbìmọ̀ náà ló pinnu èsì 1947 ti da ọdún méjèèjì pọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ya àwọn tí àmì wọn dọ́gba sọ́tọ̀?

Wọn kì í yọ góòlù tó wọlé wọn kúrò nínú èyí tí wọ́n jẹ bíi ti òní. Wọ́n ń pín in ni. Manchester United: 95 tí a bá pín sí ọ̀nà 54 jẹ́ 1.759. Wolves: 98 sí ọ̀nà 56 jẹ́ 1.750. United ló ṣe ipò kejì. Bó bá jẹ́ àyọkúrò òde òní ni, United á ní 41, Wolves á ní 42, ipò náà á sì yí padà.

Ìpín yìí ló fi Stoke lọ́kàn balẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí Bramall Lane. Góòlù 89 sí 51 ni wọ́n ní, ìyẹn 1.745. Ti Liverpool jẹ́ 1.615. Ìborí lásán, kódà 1 sí òdo, ti tó wọn.

Bó bá jẹ́ àmì 3 ni wọ́n ń fún ẹni tó borí, ṣé Liverpool náà ni ì bá gbà á?

Òun náà ni. Liverpool á ní 82, Wolves 81, Stoke 79, United 78. United tó ta ọ̀mì 12 ló máa jìyà rẹ̀ jù, á já láti ipò kejì sí ipò kẹrin. Ẹ má sì gbàgbé pé bí Stoke bá borí ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà, 82 náà ni wọ́n á ní, wọ́n á sì fi góòlù gba ife mọ́ Liverpool lọ́wọ́, yálà pínpín ni wọ́n lò tàbí yíyọ kúrò. Wolves ní tiwọn á ní 82 pẹ̀lú ọ̀mì lásán ní Molineux, tí Liverpool á sì dúró sí 80.